Ibi Tí Tíṣà Ní Kí Wọ́n Ti Dúró

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, wẹ́dà ni. Wẹ́dà náà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, Wẹ́dà ni ìyàwó rẹ̀ ń pè é nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn àti nígbà tí inú bá ń bí i. Géètì, ilẹ̀kùn irin, irin ojú fèrèsé, àkàbà, kò sí èyí tí kò jó rí. Àmọ́ iná tó ń fún un lóúnjẹ náà ló jẹ ẹ́ lójú. Kò fọ́jú o. Ó ń rí ènìyàn, ó ń rí ọ̀nà, ó sì ń rí ẹni tó bá fẹ́ yọ́ kọjá láìkí i. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kéékèèké inú fóònù, ńṣe ni wọ́n máa ń sá kiri lójú rẹ̀ bí èèrà tí wọ́n da omi sí. Dókítà ojú ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ tí kò bá fẹ́ kí ìwọ̀nba tó kù náà lọ. Ó fi sílẹ̀, ó sì di ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín mọ́.

Tíṣà ni wọ́n ń pe ìyàwó rẹ̀, torí pé àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò jìnnà sílé wọn. Obìnrin yìí ò lè rí ọkùnrin tó jókòó gẹlẹtẹ láàárọ̀ kó má wá iṣẹ́ fún un. Tó bá ti dé láti ilé ìwé, á mú fóònù rẹ̀, á máa ka nǹkan fún ọkọ rẹ̀: ìròyìn, ọ̀rọ̀ ìlera, ìtàn àwọn ẹran abàmì tó ń gbé ìsàlẹ̀ òkun. Ohùn tó fi ń ka àpèkọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló fi ń kà á, ketekete, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Tíṣà kì í ka nǹkan kó má fi tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Á máa ka ìròyìn lọ, ohùn rẹ̀ ò ní yí padà rárá, ẹ ó kàn gbọ́ ni pé, "Ìjọba tún rọ gbogbo àwọn wẹ́dà tó ti fẹ̀yìn tì láti máa fọ abọ́ tí wọ́n bá fi jẹun."

"Èyí ò sí níbẹ̀!" ni Wẹ́dà á pariwo.

Tíṣà á bú sẹ́rìn-ín, á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Wẹ́dà a sì máa fọ́nnu kiri pé kò sí irọ́ tí ìyàwó òun lè kì bọ inú ìwé tí òun ò ní mọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí a ó padà síbẹ̀.

Nígbà tó yá, Tíṣà rí ẹ̀kọ́ ijó táńgò kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ijó àwọn ará Ajẹntínà ni, èyí tí ọkùnrin àti obìnrin máa ń dì mọ́ra, tí wọ́n á máa rìn yí gbọ̀ngàn ká, tí ọkùnrin á máa lọ síwájú tí obìnrin á máa fi ẹ̀yìn rìn. Ẹnì kan tó ní sùúrù ló kọ ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún àwọn tí kò rí olùkọ́ nítòsí. Kò sí àwòrán níbẹ̀, kò sí fídíò, ọ̀rọ̀ nìkan ni. Ohun tó wu Tíṣà gan-an nìyẹn. Fídíò inú fóònù ò wúlò fún ọkọ rẹ̀, àmọ́ ohun tí ẹnu bá lè kà, etí Wẹ́dà á gbọ́ ọ.

"Èmi kẹ̀? Èmi ò jó rí láyé mi," ni Wẹ́dà wí. "Ẹsẹ̀ wẹ́dà, ìdúró ni wọ́n dá a fún."

"Mo mọ̀," ni Tíṣà dá a lóhùn. "Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ló bá mi jó. Ẹ̀yin jókòó, ẹ̀ ń jẹun. Mo ti ń dúró láti ọjọ́ náà, Wẹ́dà."

Kò sọ ọ́ tìjàtìjà. Ohun tó mú kí ọkùnrin náà dìde nìyẹn.

Wọ́n ti gbogbo àga pálọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè máa yọ̀ lórí táìlì. Ọwọ́ ọ̀tún Wẹ́dà wà lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, ọwọ́ òsì Tíṣà gba orí èjìká ọkọ rẹ̀ kọjá, fóònù sì wà ní ọwọ́ náà, lẹ́yìn Wẹ́dà gan-an. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kà á sí i létí láti orí èjìká. Kí ọkùnrin kọ́kọ́ gbé gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ lé ẹsẹ̀ kan kó tó gbé èkejì. Kó má fi ọwọ́ ti obìnrin, àyà ni kó fi sọ ibi tó ń lọ. Kó má wo ilẹ̀, kò sí ohun tó sọ nù níbẹ̀. Wẹ́dà ní, "Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ò sí níbẹ̀." Tíṣà ní ó wà níbẹ̀, ó yẹ kó wà níbẹ̀, ẹ̀rín sì mú wọn.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọjá, wọ́n kúrò lórí ìrìn, wọ́n bọ́ sórí yíyípo, níbi tí obìnrin ti ń fi ẹsẹ̀ ya nọ́ńbà mẹ́jọ sílẹ̀ níwájú ọkùnrin. Ibẹ̀ ni ìdúró ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n á yípo tán, Tíṣà á ní: "Kí wọ́n dúró níbí. Kí ọkùnrin di obìnrin mú dáadáa, kó má mira, kó má sọ̀rọ̀, títí obìnrin yóò fi kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀." Ohùn àpèkọ náà ni, kò yí padà.

Kí nìdí tí Wẹ́dà ò fi bi í léèrè? Torí pé ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu ni. Tó bá jó irin méjì pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á wà lára wọn, á dì wọ́n mú láìmira títí ojú ibi tó jó á fi tutù. Ìkánjú níbẹ̀ a máa ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́, ó sì ti lé ọ̀pọ̀ ọmọọṣẹ́ nítorí rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tó gbọ́ pé kí wọ́n dúró lẹ́yìn yíyípo, ó mi orí, ó ní, "Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yìí mọṣẹ́."

Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe ń lọ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ìdúró ń pọ̀ sí i. Nígbà tó yá, wọn kì í rìn jìnnà kí wọ́n tó dúró. Wẹ́dà á ní, "Àwọn ará Ajẹntínà yìí mà fẹ́ràn ìdúró o. Ṣé ijó la wà ni àbí orí ìlà ní báńkì?" Tíṣà ò ní dáhùn. Á gbé iwájú orí lé e lágbọ̀n, fóònù á máa mì díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wẹ́dà á máa gbọ́ bí àyà ìyàwó rẹ̀ ṣe ń lù kì-kì-kì lára tirẹ̀. Ó rò pé ayọ̀ ni. Ká sòótọ́, ibi ìdúró yẹn ló wá gbádùn jù nínú gbogbo ijó náà. Ọkùnrin tó ti ń bínú sí ojú ara rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti máa ń balẹ̀.

Wọ́n ti jọ pinnu pé tí ẹ̀kọ́ bá parí, àwọn á lọ sí gbọ̀ngàn kan lókè ṣọ́ọ̀bù àga láàárín ìgboro, níbi tí àwọn oníjó táńgò ti ń pàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Tíṣà tiẹ̀ ti ra bàtà dúdú kan tó ní okùn lọ́rùn ẹsẹ̀. Kò tíì wọ̀ ọ́ jìnnà tó fi bọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ó ń fún òun.

Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló kù nígbà tí Tíṣà kú. Kì í ṣe nínú ijó. Ilé ìwé ló wà, àwọn ọmọ ń ṣeré níta, ó gbé orí lé tábìlì nínú yàrá àwọn olùkọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé oorun ló gbé e, wọ́n rọra ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n má bàa jí i. Aago lù, kò dìde.

Dókítà tó wò ó ní ọkàn rẹ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ó ní ó ya òun lẹ́nu pé ó ṣì ń dúró kọ́ ọmọ. Ó bi Wẹ́dà bóyá ìyàwó rẹ̀ ń ráhùn pé èémí ò tó òun. Wẹ́dà ní rárá. Ọmọ wọn obìnrin dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà, ilé ìwòsàn ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yìn ìsìnkú ló tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó wọ pálọ̀, ó rí àwọn àga tí wọ́n ṣì tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wọn padà sí àárín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹsẹ̀ wọn ń dún kíríkírí lórí táìlì.

"Fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Kí n fi wọ́n sílẹ̀ fún kí ni?" Ọmọ náà yíjú sí i. "Bàbá, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń kú lọ lẹ̀ ń wọ́ kiri pálọ̀ yìí. Ijó yín ló pa màmá mi."

Ó wọ́ àwọn àga tó kù padà sí àárín.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ni Nọ́ọ̀sì ń wá. Á gbálẹ̀, á fọṣọ, á se oúnjẹ tí bàbá rẹ̀ á jẹ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí, á ní "Ó dàbọ̀, Bàbá," á sì lọ. Kì í jókòó sórí èyíkéyìí nínú àwọn àga náà. Á wá ku Wẹ́dà nìkan, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé òun ló fi ọwọ́ ara òun yí obìnrin náà po títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀? Kò sí ẹlòmíràn tí ìbéèrè yẹn ń dùn bó ṣe ń dùn ún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí òun fúnra rẹ̀ lè bi.

Ohun tó gbé e lọ sí gbọ̀ngàn òkè ṣọ́ọ̀bù àga náà nìyẹn. Kì í ṣe pé ijó ń wù ú. Ó fẹ́ kí ẹni tó mọ ijó náà sọ fún òun bóyá ó le tó ohun tó lè pa ènìyàn.

Ilẹ̀ pákó ni gbọ̀ngàn náà, òórùn fáníìṣì àga ń gòkè wá láti ìsàlẹ̀, fáànù méjì ń yí lókè. Obìnrin tó ni ibẹ̀, Àǹtí Oníjó ni wọ́n ń pè é, ó pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó sì yára láti rẹ́rìn-ín. Ó rí àgbàlagbà tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó lọ fà á lọ́wọ́ wọlé.

"Ẹ jẹ́ ká wò ó, Bàbá. Ẹ mú mi rìn."

Dùùrù tí wọ́n ń fà tí wọ́n ń sún bẹ̀rẹ̀ sí í ké, Wẹ́dà sì gbéra. Wọ́n rìn dé ìkángun gbọ̀ngàn. Àǹtí Oníjó ní, "Háà, ta ló kọ́ yín? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rìn dáadáa báyìí!" "Ìyàwó mi ni," ni Wẹ́dà wí. Ó yí obìnrin náà po, ó parí rẹ̀, ó dúró.

Orin ń lọ. Wẹ́dà dì í mú, kò mira, kò sọ̀rọ̀. Ọkùnrin àti obìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lù wọ́n. Nígbà tó pẹ́, Àǹtí Oníjó gbé ẹsẹ̀, òun náà gbé ẹsẹ̀. Wọ́n tún yípo, ó tún dúró.

"Bàbá, ṣé kò rẹ̀ yín?"

"Rárá o. Ibi ìdúró la dé."

"Ìdúró wo?"

"Èyí tí wọ́n kọ sínú ẹ̀kọ́ náà." Ó ṣàlàyé ẹ̀kọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kà fún un láti inú fóònù.

Àǹtí Oníjó mọ ẹ̀kọ́ náà dunjú. Ó ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ ló ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. "Ìdúró wà nínú táńgò, Bàbá, àmọ́ orin ló ń pè é, kì í sì í pẹ́. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn gbogbo yíyípo. Tiyín yìí gùn." Ó rò ó díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tó ń wí. "Ó dà bí ìgbà téèyàn ń dúró de ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn."

Wẹ́dà jáwọ́ lára rẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ pákó níbẹ̀. Wọ́n wá àga fún un, wọ́n bu omi fún un. Kò rántí bi wọ́n bóyá ijó náà le.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó bá bàbá rẹ̀ tó jókòó sí pálọ̀, fóònù màmá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jókòó. Ka ẹ̀kọ́ ijó yìí fún mi, láti ìbẹ̀rẹ̀. Má fi ohunkóhun kún un."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ijó yìí..."

"Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi."

Bàbá rẹ̀ kì í bẹ̀bẹ̀. Ó jókòó, ó kà á. Wẹ́dà di ojú, ó ń tẹ́tí. Gbogbo rẹ̀ ló mọ̀: ìwúwo ara, àyà tó ń júwe ọ̀nà, nọ́ńbà mẹ́jọ tí obìnrin ń yà sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì dé òpin yíyípo, ó sì ń kà lọ.

"Dúró. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Wọ́n ní kí wọ́n máa rìn lọ."

"Tún un kà."

Ó tún un kà. Kí wọ́n máa rìn lọ ni. Nínú ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n máa rìn lọ ni, nínú èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà, bákan náà. Ìgbà yẹn ni Wẹ́dà wá fi ẹnu ara rẹ̀ ka èyí tí òun mọ̀, ní ohùn àpèkọ tí àwọn méjèèjì mọ̀ dáadáa: "Kí wọ́n dúró níbí. Kí ọkùnrin di obìnrin mú dáadáa, kó má mira, kó má sọ̀rọ̀, títí obìnrin yóò fi kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀."

Nọ́ọ̀sì gbé fóònù lé itan. Nígbà tó sọ̀rọ̀, bí ìgbà tó ń bi ẹbí aláìsàn ní ìbéèrè ni.

"Nígbà tẹ́ ẹ bá dúró, báwo ni àyà wọn ṣe máa ń lù?"

"Ó ń sáré. Mo rò pé inú rẹ̀ dùn ni."

"Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́? Ṣé ó ń wú?"

"Ó ní bàtà tuntun ń fún òun."

Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì bojú. "Wọ́n mọ̀. Bàbá, màmá mọ̀. Wọ́n ń fi pa mọ́ fún wa ni." Ó bú sẹ́kún. "Ojoojúmọ́ ni mò ń tẹ ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn wò níbi iṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo wá síbí, mi ò wo ẹsẹ̀ màmá mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo wá gbé ẹ̀bi rẹ̀ lé yín lórí. Ẹ dárí jì mí."

"Dákẹ́. Ó tó."

Ẹni tó bá rò pé èyí tu Wẹ́dà nínú kò tíì fi ojú ara rẹ̀ rí ọ̀fọ̀. Òótọ́ ni, wọn ò wọ́ Tíṣà kiri. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ijó náà, tó sì wá ọgbọ́n tó fi máa mí nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ Wẹ́dà ti ń fọ́nnu pé kò sí irọ́ ìyàwó òun tí òun ò mọ̀. Gbogbo irọ́ ẹ̀rín ló mọ̀. Èyí kan ṣoṣo tó yẹ kó pariwo lé lórí pé kò sí níbẹ̀, ó kọjá létí rẹ̀. Obìnrin náà ń wá èémí lórí àyà rẹ̀, òun sì ń gbádùn ara rẹ̀. Ó sọ èyí síta fún ọmọ rẹ̀, ó sì sunkún bí kò ṣe sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú.

Nígbà tí wọ́n dákẹ́ tán, Wẹ́dà dìde. Ó ti àga kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Nọ́ọ̀sì wò ó, òun náà dìde, ó ti èkejì.

"Ó ku ẹ̀kọ́ kan," ni bàbá rẹ̀ wí. "Màmá rẹ ò tíì kà á fún mi."

"Èmi ò mọ̀ ọ́n jó o."

"Kíkà lo máa kà. Gbé ọwọ́ òsì rẹ gba orí èjìká mi, kí fóònù wà lẹ́yìn mi. Bẹ́ẹ̀ yẹn. Tí mo bá ń bọ̀, máa fi ẹ̀yìn rìn."

Wọ́n gbéra. Nọ́ọ̀sì ò ní ohùn àpèkọ, ó ń kà á bí ẹni ń ka ìlànà oògùn, ó sì tẹ bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Wẹ́dà kò ṣe bí ẹni tó mọ̀. Wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n yípo, wọ́n ń padà bọ̀ lójú ọ̀nà ilé ìdáná nígbà tí ohùn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ka ọ̀rọ̀ kan, ó tún un kà, kò lè lọ síwájú. Fóònù ń mì lẹ́yìn Wẹ́dà, bó ṣe máa ń mì tẹ́lẹ̀.

"Wọ́n ní..." Ó gbé omijé mì. "Wọ́n ní kí wọ́n dúró níbí."

Wẹ́dà mọ̀ pé èyí ò sí níbẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó di ọmọ rẹ̀ mú dáadáa, kò mira, kò sọ̀rọ̀, ó ń dúró kí ọmọ náà kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀.